Ìyípo Kan Tó Kù

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Okota níbí pé ìdí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn oní-Márúwá ni. Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì iwájú ilé wa tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà wà nínú yúníọ̀nù wọn ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Rárá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni kẹ̀kẹ́ tèmi, ti ìdíje, èyí tí kò ní bíréèkì, tí wọ́n máa ń gùn yí pápá po. Èmi gan-an kò gùn ún rí. Èmi ni mò ń di aago mú, èmi ni mò ń ṣírò bí ẹni tó gùn ún ṣe sáré tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ ṣe tèmi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ kékeré lè gbé pàdé èèyàn lọ́nà.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni ìyá mi, tíṣà náà ni wọ́n sì ní kí n ṣe. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ ló ní kí n wá sọ́dọ̀ òun, kí n fi iṣẹ́ ọ́fíìsì di ọwọ́ mú ná. Mi ò ní fi bí mo ṣe ríṣẹ́ dá yín lágara: mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n máa tẹ̀wé ní ọ́fíìsì eré ìdárayá kan ní Òṣòdì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ìparí oṣù bí mi ò bá jẹ ìjẹkújẹ.

Mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ọkùnrin gíga kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ ṣòkòtò kúkurú kákí àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, fi yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ta ló mọ ìṣirò pínpín nínú yín?"

Gbogbo ọ́fíìsì nawọ́ sí mi. "Fúnmi ni, sà. Ará Èkìtì ni," ni wọ́n wí, bí ẹni pé ìyẹn ti tó.

Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìwé ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ó dáa, dìde, máa bọ̀."

Bí mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gá Akínlabí nìyẹn. Òun ni olórí àwọn tó ń di aago mú níbi ìdíje kẹ̀kẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì le bí ojú ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ń pè é ní Bàbá Aago. Níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó dán an wò. Àwọn aago ìgbà náà, irin ni wọ́n, wọ́n wúwo, a máa ń yí okùn inú wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀gá a máa wé tirẹ̀ sínú aṣọ funfun bí ẹni wé ọmọ ìkókó. Odidi oṣù méjì ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo wá ń ṣe ní oṣù méjì. Ó mú mi lọ sí etí títì ní Apakun, ó nawọ́ sí òpó iná kan tí òjìji rẹ̀ dà sórí ọ̀nà. Ó ní, "Má wo ẹni tó ń wakọ̀. Má wo àwọ̀ mọ́tò. Táyà iwájú ni kí o máa wò. Bó bá ti kan òjìji yẹn, tẹ ìka rẹ."

Mo ní, "Kí ni kí n tẹ̀, sà?"

"Tẹ afẹ́fẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró nínú oòrùn Apakun tí mò ń tẹ afẹ́fẹ́. Àwọn awakọ̀ kan rò pé mò ń há nọ́ńbà mọ́tò wọn sórí, wọ́n sá fún mi. Ìyá kan tó ń ta ọsàn létí títì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún mi lọ́sàn méjì, ó rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn ará ilé ẹ mọ̀ pé o wà níbí?" Bí mo bá fi àtàńpàkò tẹ afẹ́fẹ́ mi, Ọ̀gá á gbá mi lọ́wọ́ pẹ́. Ó ní ọ̀lẹ ni àtàńpàkò. Ó ní ìka ìfábẹ̀lá ló ń yára nínú gbogbo ìka, nítorí ìdí ọbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé fojú fò. Èèyàn mẹ́ta ló ń di aago mú fún ẹnì kan, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọjú wo ti ẹnìkejì kó tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ti àárín la máa ń mú. Ẹni tó ń di aago mú kò gbọdọ̀ ka ìyípo, ẹni tó ń ka ìyípo kò gbọdọ̀ di aago mú. "Ojú kan kì í ṣiṣẹ́ méjì," ni Ọ̀gá máa ń wí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ìyípo, ìdérí ìgò míníràlì mẹ́wàá ló sì fi ń kà á. Yóò kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sápò òsì. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti yí pápá po tó sì kọjá lórí ilà, yóò mú ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo lápò òsì, yóò lu agogo kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè mọ̀ pé ìyípo ìkẹyìn ló kù. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í kà. Ojú rẹ̀ ti ṣú, etí rẹ̀ ń hó, agogo nìkan ló ń retí.

Ìdíje tí a máa ń ṣe jù ni ti kìlómítà mẹ́rin, tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń dá gùn. Ọ̀nà kọnkéré tó yí pápá wa ká jẹ́ irínwó mítà, nítorí náà ìyípo mẹ́wàá ló pé kìlómítà mẹ́rin. Bí aago bá ti dúró, iṣẹ́ mi ni láti wá ìpíndọ́gba eré rẹ̀, ìyẹn iye kìlómítà tí ẹni náà ìbá sá ní wákàtí kan bó bá ń bá eré rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní ọgbọ́n tó fi ń ṣe é, ó sì ní ká máa fi ẹnu Yorùbá pè é kó lè wọ̀ wá lára. Wákàtí kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá méje ó lé irínwó. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá tí ẹni náà lò pín in, ó tán. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìyẹn òjìdínnírínwó ìṣẹ́jú àáyá, eré ogójì ló sá. Mò ń pe ẹgbàá méje ó lé irínwó lójú oorun. Àbúrò ìyá mi tilẹ̀ rò pé mo ti wọ ẹgbẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan sá ìlàjì àkọ́kọ́ ní eré àádọ́ta, agbára rẹ̀ tán, ó sá ìlàjì kejì ní eré ọgbọ̀n. Ọ̀gá ní, "Fúnmi, kí ni ìpíndọ́gba rẹ̀?" Èmi ọmọ tíṣà kò tilẹ̀ mú bírò. Mo pa àádọ́ta àti ọgbọ̀n pọ̀, mo dá a sí méjì. "Ogójì ni, sà."

Kò bú mi. Ó kàn yí kẹ̀kẹ́ oníbíréèkì kan wá, ó ní kí n máa tì í lọ́wọ́, kí n fi ẹsẹ̀ rìn láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, kí n wá gùn ún padà wá bá òun. Mo rìn. Oòrùn pa mí, bàtà gé mi lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ tó mọ̀ mí ní Ìsọlọ̀ ń bi mí pé ṣé kẹ̀kẹ́ náà ń ṣàìsàn ni tí mo fi ń tì í. Ìgbà tí mo padà dé, Ọ̀gá wà níbi tí mo fi í sí.

"Ibo lo ti pẹ́ jù nínú àlọ àti àbọ̀?"

"Ibi tí mo ti fẹsẹ̀ rìn ni, sà."

"Ọ̀nà kan náà kọ́ ni?"

"Ọ̀nà kan náà ni, sà."

"Ìgbà tó jẹ́ pé ibi tó lọ́ra ló jẹ ọjọ́ rẹ tán, báwo lo ṣe máa wá da àwọn méjèèjì pọ̀, tí wàá pín in dọ́gbadọ́gba?" Ó tún ìṣirò náà ṣe níṣojú mi, èsì rẹ̀ kò sì tó ogójì. "Gbogbo ọ̀nà, gbogbo àsìkò. Má yọ nǹkan kan kúrò, má fi ìkánjú pín in. Ibi tó lọ́ra ló ń jẹ àsìkò."

Lẹ́yìn náà ló fa míníràlì tútù kan yọ láti abẹ́ àga, ó ṣí i fún mi, ó sọ ìdérí rẹ̀ sápò. Ó ti lọ rà á sílẹ̀ dè mí. Mi ò gbàgbé míníràlì yẹn títí dòní. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ̀gá mi le, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ibi tó ti rọ̀.

Àkókò yẹn ni mo mọ Múfú. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń gbé yàrá kan ní Ìsọlọ̀, ó sì ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́, á gbé kẹ̀kẹ́, á máa bá àwọn tírélà pín títì. Ọ̀gá máa ń pe eré rẹ̀ ní eré àgbà, nítorí kì í sáré jù níbẹ̀rẹ̀, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ lópin. Mo di aago mú fún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpíndọ́gba rẹ̀ kì í sì í kúrò nítòsí márùndínláàádọ́ta. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá mo ti fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ó wá di ọdún tí àwọn àgbààgbà wá láti Abuja láti yan àwọn tí yóò wọ àgọ́ ìgbáradì orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní ẹni tó bá ti sá kìlómítà mẹ́rin ní ìpíndọ́gba márùndínláàádọ́ta, ó ti wọlé. Múfú kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ ta àgbò kan ní Ìsẹ́yìn kó lè fi ra táyà tuntun. Bí wọ́n bá mú un, ilé iṣẹ́ aṣọ ti parí nìyẹn. Ó máa lọ rí òkè òkun, ó máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹun.

Ìgbà tó kàn án, ó gòkè sórí kẹ̀kẹ́, ìbọn dún. Kò tíì lọ jìnnà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi yọ kúrò nínú okùn tó dè é mọ́ pẹ́dàlì. Wọ́n tún yin ìbọn láti pè é padà. Kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní bíréèkì, ẹ rántí, kò sì ṣeé yí padà lójú ọ̀nà. Ńṣe ló rọra yí pápá po, ó kọjá lórí ilà, wọ́n dì í mú, wọ́n tún okùn rẹ̀ so. Àwa tí a ń di aago mú dá aago wa padà sí òdo. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan sí i, Múfú gbéra.

Mi ò rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ bí tábìlì, kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tó ń mì àfi ẹsẹ̀. Agogo dún, ó yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tẹ aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e sókè kí n tó fọwọ́ kan bírò.

Mo pín ẹgbàá méje ó lé irínwó. Ó fún mi ní àádọ́ta.

Inú mi kọ́kọ́ dùn débi pé mo fẹ́ fò sókè. Lẹ́yìn náà ni ara mi tutù. Àádọ́ta kẹ̀? Lórí kọnkéré yìí, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ irin, nínú afẹ́fẹ́ Òṣòdì? Àwọn tó ń sá a ní òkè òkun, kẹ̀kẹ́ wọn fúyẹ́ bí ìyẹ́, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gùn ún. Mo tún un pín, ó tún fún mi ní àádọ́ta. Mo wá ní kí n fi ìyípo mẹ́sàn-án dán an wò. Ó bọ́ sí márùndínláàádọ́ta géérégé, ibi tí Múfú máa ń wà. Mo rántí ìyípo tó fi rọra padà wá síbi ilà nígbà tí okùn rẹ̀ yọ, mo sì rántí ọwọ́ Ọ̀gá lẹ́nu àpò. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ta ló máa mọ̀ bí mo bá dákẹ́? Èsì aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Èmi nìkan ni mò ń ṣírò. Mo wo Múfú lórí èjìká àwọn èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo wo Ọ̀gá, ó jókòó ti agogo rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ni mo máa bà nínú jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ló kọ́ mi pé gbogbo ọ̀nà, gbogbo àsìkò. Mo gbé ìwé náà lọ bá a, mo kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi tún un pín."

Kò gba bírò. Ó pín in lórí, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ rọra lọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, ó kó àwọn ìdérí ìgò náà jáde, ó ń wò wọ́n. Mẹ́wàá ni wọ́n.

"Fúnmi, ìgbà tí wọ́n pè é padà, ó kọjá lórí ilà?"

"Ó kọjá, sà."

"Ọwọ́ mi ti gbé e," ni Ọ̀gá wí. "Kẹ̀kẹ́ kọjá lórí ilà, ọwọ́ mi gbé ìdérí. Kò bi mí. Mi ò sì dá a padà."

Ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì wa ti gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ wa náà ni. Ta ló pa lára?"

Ọ̀gá dìde. "Ìyípo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀, ẹnu mi kò lè kà á." Ó rìn lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kéde, ó sì sọ fún gbogbo pápá pé òun ti ka ìyípo kan lé, pé ẹ̀bi náà kò kan ẹnikẹ́ni àfi òun Akínlabí. Wọ́n máa ń sọ pé ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀tórí èèyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Kíkọsẹ̀ kò nira. Kí èèyàn dúró lójú gbogbo ayé kó sọ pé òun kọsẹ̀, ìyẹn ni mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é bíi tirẹ̀.

Òfin ò gbà pé kí wọ́n ka ìyípo mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí Múfú tún un gùn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, torí àwọn àlejò fẹ́ padà. Ó gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i lójú. Ó sáré títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì fi nǹkan díẹ̀ dín sí márùndínláàádọ́ta. Díẹ̀ ni o. Wọn ò mú un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìsọlọ̀. Mo sunkún lẹ́yìn ọ́fíìsì bí ọmọdé.

Ọ̀gá gbé agogo àti aago irin rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní ọwọ́ òun ti di ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láì bi ẹni tó ni ín. Kò ka ìyípo mọ́, kò sì tẹ ẹsẹ̀ sí pápá yẹn mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, Múfú kò kí mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mò ń kọjá lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ṣíìfù, mo gbọ́ orúkọ mi. Òun ni, òwú funfun bò ó lórí.

Ó ní, "Mo fẹ́ bi ẹ́ léèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, kí aago tó dúró, ṣé mo wà ní márùndínláàádọ́ta lóòótọ́?"

"Géérégé. Láti ìyípo kìíní títí dé ìkẹsàn-án."

"Ta ló mọ̀?"

"Ọ̀gá. Àtèmi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọjọ́ náà. "Ẹni tó mọ bí mo ṣe sáré tó, ṣé mo máa wá jẹ́ kó lọ báyìí?"

Mo fẹ́ ẹ. Ó ń lọ Jímọ̀, mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ń bára wa jẹun nínú abọ́ kan náà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìgbà tó wá súre fún wa, ó di ọwọ́ Múfú mú, ó ní, "Mo jẹ ọ́ ní ìyípo kan o." Múfú ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé ẹ̀." Kò gbàgbé. Ìgbà tí a sọ Tọ́pẹ́ lórúkọ, ó sọ ọ́. Gbogbo ọdún tí a bá lọ kí i, kó tó bi wá bóyá a ti jẹun, ó máa sọ ọ́. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń bọ̀ wálé, kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Aago irin lọ, aago onínọ́ńbà dé, kò nílò kí a yí okùn kankan. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká máa so nǹkan kékeré kan mọ́ ara kẹ̀kẹ́, ká tẹ́ okùn pẹlẹbẹ sábẹ́ ilà. Kẹ̀kẹ́ á kọjá, kọ̀ǹpútà á ka ìyípo, á tẹ aago, á pín ìpíndọ́gba, gbogbo rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kì í gbé ìdérí ìgò lé. Mi ò bínú sí i. Ká ní a ní in lọ́jọ́ yẹn ni, Ọ̀gá ìbá sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo mú lọ sí Apakun láti tẹ afẹ́fẹ́, mo sì ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn pín in kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Èsì tó bá dùn mọ́ yín jù, òun ni kí ẹ tún ṣe. Bí ẹ bá gba ohun kan lẹ́nu mi fún iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ṣe, ẹ gba ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn mú Ọ̀gá ní apá ọ̀tún. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní Òṣòdì. Ìgbà tí a lọ kí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn: "Múfú. Ìyípo kan." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ gbé e lọ.

Múfú dìde. Mo rò pé ó fẹ́ jáde lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ ni. Ó ní, "Bàbá, lọ́la, ẹ wọ ṣòkòtò kákí yín. A máa lọ san án."

Tọ́pẹ́ ló wakọ̀ gbé wa lọ lọ́jọ́ kejì. Koríko ti hù láàárín pápá àtijọ́ náà, tírélà ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà kọnkéré ṣì yí po. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jẹ́ ká wọlé. Múfú ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gòkè sórí rẹ̀ pẹ̀lú ikùn àgbà. A gbé Ọ̀gá jókòó síbi ilà, mo gbé agogo tó fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó mú ìdérí ìgò kan jáde, ó ti dípẹtà. Ó ní èyí tí ọwọ́ òun gbé lé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ó fi í sápò òsì.

Ìbọn kò sí, mo pàtẹ́wọ́. Ìyípo ìkẹyìn ni, nítorí náà Ọ̀gá lu agogo bí Múfú ṣe gbéra. Ó lọ́ra o! Afẹ́fẹ́ ń gbá a, kẹ̀kẹ́ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ tírélà jáde wá, wọ́n ń hó yèè. Ó yọ ní igun, ojú rẹ̀ pọ́n, ó kọjá lórí ilà.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún tí àìsàn mú yẹn náà ló ní ó gbọ́dọ̀ gbé e. Ọwọ́ náà gbọ̀n lọ sí àpò òsì, ó já bọ́, ó tún padà lọ. Gbogbo wa dúró. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Níkẹyìn, ó mú ìdérí náà, ó gbé e kọjá, ó sọ ọ́ sápò ọ̀tún.

Ó ní, "Fúnmi, pín in."

"Ṣé ká yọ àwọn ọdún tó fi sinmi kúrò, sà?"

"Gbogbo ọ̀nà," ni Ọ̀gá wí, "gbogbo àsìkò."

Mo mú fóònù mi, mo fi gbogbo ọdún tó wà láàárín pín kìlómítà mẹ́rin. Òdo ló kọ́kọ́ jáde, òdo sì tò tẹ̀lé e rẹpẹtẹ kí nǹkan tín-ín-rín kan tó yọjú lẹ́yìn. Mo kà á sókè fún wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara àga mú. Múfú ti sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí kọnkéré, kò tíì lè mí dáadáa.

"Mo mọ̀ pé mo pẹ́, sà. Ṣé mo parí ẹ̀?"

Ọ̀gá gbé ọwọ́ náà lé e lórí.

"O parí ẹ̀, ọmọ mi. Mẹ́wàá pé."